Ìró Páànù Tí Mo Ní Mi Ò Gbọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ síbí, tí mo sì ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún wọn. Mi ò mọ̀ pé èmi náà máa kọ tèmi. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ wá mú ìyá ọkọ mi lọ síbi ìtọ́jú, èmi nìkan ni mo sì mọ ohun tó ṣe wọ́n. Èmi ni mo ṣe é fún wọn. Fíìmù ni mo fi ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ kà á tán ná.

Ọmọ ìlú Ọlá ni mí, Èjìgbò ni mo lọ́kọ sí. Aṣọ ni mo ń rán. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ kápẹ́ńtà ní Àbíjáàn. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Làsísì, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Oṣù kẹta tá a ṣègbéyàwó ló padà sí ọ̀hún. Ó ní kí n ṣì dúró ti ìyá òun, pé bí òun bá ti rí ilé tó gba méjì, òun á ránṣẹ́ sí mi. "Bíẹ̀ńtò," ló wí. Èdè tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún ni. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní pẹ́.

Ọdún karùn-ún rèé.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti wálé láti ìgbà náà. Mi ò tíì bímọ. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjáàn, níbo ló ti fẹ́ lóyún? Síbẹ̀ àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún mi á kọ́kọ́ wo ikùn mi kí wọ́n tó wo aṣọ wọn.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ó máa wá ìwà ìkà tí wọ́n hù sí mi. Kò sí. Wọn ò bú mi rí. Wọ́n máa ń bu ẹran tiwọn kún tèmi. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ni pé wọn ò fẹ́ kí n lọ. Ọdún kejì tí mo dé ilé náà ni Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi, kú. Àwọn ọmọ ti tú ká. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ Àbíjáàn bá ṣẹ́ yọ, Ìyá á ní, "Ìyàwó, bó o bá lọ, ó ku èmi àti ta ni?" Wọ́n á sì máa sunkún. Ọkọ mi kì í lè gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Á ní kí n tún ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń gbé nìyẹn. Yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé, ìdí máṣíìnì. Bí mo bá lọ kí bàbá mi ní Ọlá, mo gbọ́dọ̀ ti dé kí oòrùn tó wọ̀, torí Ìyá ò lè dá jẹun.

Fíìmù ló ń bá mi gbé. Fíìmù adẹ́rùbani ni mo fẹ́ràn láti kékeré. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí ọjà tí wọ́n ti ń bá èèyàn kó fíìmù sórí mẹ́mọ́rì, wọ́n ti mọ̀ mí níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti ń bà mí nínú fíìmù, mi ò ní rántí Àbíjáàn títí yóò fi parí.

Mo ti wo èyí tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo ti wo èyí tí òkú ń jí jáde nínú ilẹ̀. Ẹ̀pà ni mo máa ń jẹ tí mo bá ń wo ìyẹn, bí mo bá sì ti pa á, ó tán nìyẹn. Èyí tí kì í lọ lára mi ni èyí tí wọn ò fi nǹkan kan hàn èèyàn nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ìró lásán lèèyàn ń gbọ́.

Ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Obìnrin kan ló tìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ síta nínú òjò, ọkùnrin náà sì kú síta. Láti ọjọ́ náà, tó bá di ọ̀sán gangan, tí gbogbo ará ilé ti lọ sóko, obìnrin yìí á gbọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀yìnkùlé. Á gbọ́ bàtà tó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á máa lu páànù. Gbà. Gbà. Gbà. Bó bá ṣílẹ̀kùn, kò ní rí ẹnì kankan. A ò rí ojú ọkùnrin náà títí fíìmù fi parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọrin nínú balùwẹ̀ kí n má bàa gbọ́ nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, mo fi í sí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí n tún un wò. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn kì í ka fíìmù mi sí. Wọ́n á kàn máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Àfi bí ikọ́ yẹn ṣe dún, tí páànù tẹ̀ lé e, ni mo gbọ́ tí abọ́ ẹ̀gúsí dà wálẹ̀. Ìyá ti dìde dúró. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń wò.

"Pa á," wọ́n wí.

"Ìyá, fíìmù lásán ni."

"Mo ní kó o pa á!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pariwo mọ́ mi. Mo pa á. Mo bá wọn ṣa ẹ̀gúsí.

Balùwẹ̀ wa wà ní ẹ̀yìnkùlé, páànù la fi yí i ká. Láti ọjọ́ náà, Ìyá ò dá wọ ibẹ̀ mọ́. Èmi ni mo máa ń dúró níta tí wọ́n bá ń wẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù fíìmù lásán ni. Mo tilẹ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi.

Lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan, ọkọ mi pè. Ó ní òun ti rí yàrá méjì. Obìnrin kan ládùúgbò wa ń padà sí Àbíjáàn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n bá wọn wọkọ̀. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo di ẹrù mi. Mo dá aṣọ tí mi ò tíì rán padà fún àwọn tó ni ín. Mo lọ dágbére fún bàbá mi ní Ọlá.

Nígbà tó ku ọ̀la, Ìyá dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì pálọ̀. Wọn ò jẹun. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ti ru, pé kí n pe ọmọ àwọn kó wá gbọ́ ohùn ìkẹyìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ mi ti yí ọ̀rọ̀ padà.

"Ṣì dúró ná," ló wí. "Bíẹ̀ńtò."

Mo tú ẹrù mi. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà gba iwájú ilé wa kọjá. Obìnrin yẹn na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi. Mo wà nídìí máṣíìnì, kò sí aṣọ kankan lórí rẹ̀.

Mi ò sunkún. Mo jókòó, mo ń rò ó. Ọmọ Ìyá tó jẹ́ obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń gbé ní Ìwó. Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Àǹtí ti ń bẹ Ìyá pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, Ìyá ní àwọn ò lè fi ilé ọkọ àwọn sílẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bí Ìyá bá bẹ̀rù ilé yìí tó, wọ́n á fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti lọ sí Ìwó, ta ni wọ́n tún fẹ́ kí n dúró tì?

Mo gba ìró yẹn sílẹ̀ láti inú fíìmù náà. Ikọ́ méjì, bàtà, páànù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní fóònù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Mo fi ìró náà ṣe àláàmù fóònù yẹn, mo yí i sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo gbé e sínú korobá òfìfo kan lẹ́yìn balùwẹ̀, mo fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó.

Nígbà tí aago mẹ́ta ku díẹ̀, mo lọ jókòó ti Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó dún.

Ìyá gbá ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, o gbọ́?"

"Kí ni, Ìyá?"

"Ẹnì kan ń wúkọ́. Ẹnì kan ń lu páànù."

Mo gbọ́ ọ kedere. Mo dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbìyànjú. Mo mi orí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, Ìyá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó burú ju fóònù inú korobá lọ. Ká ní mo sọ pé mo gbọ́ ni, àwa méjèèjì ì bá jọ dìde lọ wo ohun tó ń dún. Ṣùgbọ́n mo ní mi ò gbọ́. Mo wá ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń rò ó pé àwọn nìkan ni nǹkan náà ń bá wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ní mi ò gbọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ìyá ò bi mí mọ́. Wọ́n á kàn wò mí, èmi náà á wo ibòmíràn. Wọn ò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́ rárá. Inú yàrá ni mo ń gbé omi ìwẹ̀ lọ bá wọn. Aṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù wọ́n lọ, èmi ni mo sì ń bá wọn dín in kù.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣe bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn ni. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ìwó?"

Wọ́n mi orí. "Bí mo bá lọ, á tẹ̀ lé mi débẹ̀."

Mi ò bi wọ́n pé ta ni. Ó yẹ kí n ti bi wọ́n.

Ọjọ́ tí mo ṣe ìkẹfà, Ìyá kírun Àsàrì tán, wọn ò dìde lórí ẹní. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó síwájú àwọn. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa.

Ọ̀rọ̀ ikú Bàbá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí Bàbá kú. Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi ní Ọlá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo dé ni pé ẹsẹ̀ Bàbá yọ̀ nínú balùwẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ní Ìyá ń sùn. Gbogbo ẹbí ló gbà bẹ́ẹ̀.

"Mi ò sùn," Ìyá wí.

Wọ́n ní àwọn àti Bàbá jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lórí ọbẹ̀ ni. Bàbá ní kò níyọ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìyá wá búra nínú ara wọn pé títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, àwọn ò ní dá Bàbá lóhùn.

"Wọ́n lọ wẹ̀ lọ́sàn-án. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́. Mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ lu páànù. Mo rò pé wọ́n gbàgbé kànìnkànìn ni, pé wọ́n fẹ́ kí n gbé e wá. Mo ní kí wọ́n máa lù ú lọ. Ó dákẹ́, wọ́n tún lù ú. Mi ò dáhùn. Nígbà tó wá dákẹ́ pátápátá, inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní mo borí." Wọ́n wò mí. "Ìyàwó, mo ní mo borí."

Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún láyé yìí. Má sọ ọ́ fún Làsísì. Bàbá ti wá mú mi ni. Ìdí nìyẹn tí o ò fi gbọ́ ọ. Èmi ni wọ́n ń lù ú fún, pé kí n wá dáhùn."

Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo nílò láti sọ. "Fóònù ni." Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá." Wọ́n fi orí lé mi léjìká, wọ́n sunkún, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi ọmọ dá mi lọ́lá torí mo jẹ́ ọmọ fún àwọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pa ìró yẹn rẹ́. Mo pa fíìmù náà rẹ́. Mo ṣẹ́ mẹ́mọ́rì sí méjì, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Mo fi òòlù fọ́ fóònù àtijọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, pé díẹ̀díẹ̀ Ìyá á gbàgbé, èmi náà á gbàgbé.

Bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń gán ẹsẹ̀ aṣọ. Ìyá gbá ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó. Wọ́n tún ti dé."

Mo dẹ etí sílẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi dẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Lóòótọ́ ni mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í gbọ́ ọ. Kì í ṣe aago mẹ́ta nìkan mọ́. Wọ́n ń gbọ́ ọ láàárọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá ń kírun. Ohun tí mo fi sétí wọn ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá wo ìyà tí mo fọwọ́ ara mi fà. Ìyá ò lè dá wà mọ́. Bí mo bá wà nídìí máṣíìnì, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí mo bá ń dáná, wọ́n á gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá wọ ilé ìgbẹ́, wọ́n á dúró síta, wọ́n á máa pè mí, "Ìyàwó, o wà níbẹ̀?" Mo gbọ́dọ̀ dáhùn kíá, torí bí mo bá pẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tí ara bàbá mi ò yá, ọ̀kadà méjì la gbé lọ sí Ọlá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ìyá. Inú yàrá bàbá mi ni wọ́n jókòó sí títí mo fi ṣe tán. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kan bá bàbá mi sọ.

Àwọn ará àdúgbò ń yìn mí. Obìnrin kan mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá láti wá wò mí, ó ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ. Mo bu omi fún wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fẹ́ dá wọ yàrá lọ sunkún, àmọ́ Ìyá ti dìde tẹ̀ lé mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Àǹtí wá láti Ìwó. Wọ́n bá Ìyá jókòó fún ọjọ́ kan, wọ́n ní àlùjànnú ni. Wọ́n mọ ibì kan tí wọ́n ti ń lé e. Wọ́n á gba èèyàn síbẹ̀, wọn ò ní fún un lóúnjẹ tó bó ṣe yẹ, wọ́n á sì máa fi pàṣán nà án títí àlùjànnú yóò fi sọ̀rọ̀. Mo mọ ibẹ̀. Obìnrin kan tó ti ibẹ̀ jáde gbé aṣọ wá fún mi lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo ń wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n rán bùláòsì náà kó fẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Mo rí àwọn àpá ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì mọ ohun tó fà á.

Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, irọ́ kọ́ nìyẹn.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sọ́sípítù ná."

Wọ́n ní, "A ti gbé wọn lọ, ṣé dókítà rí nǹkan kan ni?" Lóòótọ́, yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi ti fọwọ́ sí i lórí fóònù. Àǹtí wá fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ìyàwó, o ti gbìyànjú. Ọlọ́run á san ẹ̀san rere fún ẹ. Bá a bá ti mú Màmá lọ ní Sátidé, ìwọ náà bọ́ sọ́kọ̀ Àbíjáàn ní Mọ́ńdè. A ti bá Làsísì sọ ọ́, ó ti gbà."

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ń wá rèé. Kò sí ohun tí mo tún gbọ́dọ̀ ṣe, kí n ṣáà ti panu mọ́.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Kó tó ṣí i, mo pa á rẹ́. Ó bi mí pé kí ni mo pa rẹ́. Mo ní mo ṣèèṣì fi ránṣẹ́ ni.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Ìyá. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, kì í ṣe Bàbá. Èmi ni. Inú fóònù ni mo ti ń gbé ìró yẹn jáde. Mo gbọ́ ọ, mo kàn ní mi ò gbọ́ ni."

Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n nu ojú mi. Wọ́n ní, "O fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́. Ta ni yóò tún gba irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ sọ́rùn nítorí mi?"

Wọn ò gbà á gbọ́. Mo búra, wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ṣé fóònù wà tó ń wúkọ́ bíi Bàbá? Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo lè fi hàn wọ́n, mo ti fọ́ gbogbo rẹ̀. Mo lè padà sí ṣọ́ọ̀bù ìdí ọjà kí wọ́n tún bá mi kó fíìmù náà. Àmọ́ bí mo bá ṣí i, tí páànù yẹn bá dún lẹ́ẹ̀kan sí i ní etí Ìyá, ṣé wọ́n á yè é? Bí wọ́n bá sì yè é, wọ́n á mọ̀ pé èmi tí wọ́n sọ àṣírí wọn fún ni mo ń fi àṣírí náà jó wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà, Ọlọ́run rí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Bí mo bá sọ ọ́ fún Àǹtí, Àǹtí á bi mí pé kí ló dé tí ìró páànù á fi da Ìyá láàmú tó báyìí. Kí ni kí n dáhùn? Mo ti ṣèlérí fún Ìyá. Ibi tí mo ń kọ ọ́ sí yìí nìkan ni mo ti sọ ọ́, torí ẹ ò mọ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí lórí ìyẹn náà.

Lánàá, a di ẹrù Ìyá. Ìyá fúnra wọn ló yan aṣọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n sunkún bí wọ́n ti sunkún lọ́jọ́ tí èmi fẹ́ lọ. Mo ní, "Wọ́n á nà yín níbẹ̀ o, Ìyá."

Wọ́n ń ká aṣọ ìró wọn, wọn ò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Jẹ́ kí wọ́n nà mí, Ìyàwó. Bóyá bí wọ́n bá nà mí tó, wọ́n á dárí jì mí."

Bàbá ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́, mo ti kúnlẹ̀ jẹ́wọ́, wọ́n nu omijé mi, wọ́n sì ń ká aṣọ lọ. Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọ́n á fi gbà. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Bí ó bá jẹ́ ìyá tiyín ni wọ́n ṣe báyìí fún, kí lẹ máa fẹ́ kí ẹni tó ṣe é ṣe, kí Sátidé tó mọ́? Ẹ bú mi bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.